Ṣé òfò ni ká gbé màmá lọ sí Kew Gardens nínú oṣù Fẹ́búárì?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Màámi wá bá wa láti Abẹ́òkúta, ìparí oṣù Máàṣì ni wọ́n máa padà sílé. Half-term àwọn ọmọ, ìsinmi àárín sáà iléẹ̀kọ́ wọn, ti ń bọ̀ ní Fẹ́búárì, mo sì fẹ́ ká jọ lọ sí Kew Gardens, ọgbà igi àti òdòdó ńlá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi, bàbá àwọn ọmọ, màmá àtàwọn ọmọ méjì, ọ̀kan ọdún mẹ́ta, ọ̀kan ọdún mẹ́jọ. Ọkọ mi ní owó ni mo fẹ́ fi ṣòfò, pé kí la fẹ́ lọ wò nígbà tí gbogbo igi ti gbẹ, kò sí òdòdó, òtútù á sì tún mú màmá. Màmá fúnra wọn ń bi mí pé ta ló da oògùn sí igi àwọn òyìnbó tí gbogbo ẹ̀ fi kú báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká lọ ni àbí ká fi í sílẹ̀?”

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú màmá, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún yín. Kí n tètè sọ ọ́: ẹ lọ. Iṣẹ́ ọgbà ni mo fi ń jẹun nílùú òyìnbó yìí, mo sì ti mú àwọn òbí tó wá láti ilé rìn nínú irú ọgbà báyìí nígbà òtútù. Nǹkan tí mo rí ni pé àwọn tó máa ń fi ìbínú padà sílé, kì í ṣe pé wọn ò rí nǹkan wò o, ojú tí wọ́n fi ń wo oṣù Júùnù ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn nínú ìbéèrè yín, pé igi ti kú, pé kò sí òdòdó, àti pé òtútù lè ṣe màmá. Méjì àkọ́kọ́ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìkẹta yẹn, òótọ́ ni, òun ló sì yẹ ká fara balẹ̀ sọ.

Ẹ bá mi sọ fún màmá pé kò sẹ́ni tó da oògùn sí igi kankan. Àwọn gan-an mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀yin àti bàbá àwọn ọmọ lọ, torí wọ́n á ti rí arábà nígbà ọyẹ́, tí gbogbo ewé ẹ̀ á ti rẹ̀ dànù tí á dúró ní ìhòòhò, orí ẹ̀ka tí kò léwé yẹn náà ló sì ti máa ń yọ òdòdó, tó bá yá á tún rúwé. Osè náà máa ń wọ́wé, tíìkì náà máa ń wọ́wé. Nílé, àìsí omi ló ń fà á, torí ojú ewé ni omi ara igi ń gbà lọ, tí òjò bá ti dá, igi tó bá fi gbogbo ewé ẹ̀ sílẹ̀ á gbẹ, ló bá kúkú ju ewé nù kó lè pa omi mọ́. Níbí, nǹkan bíi méjì ló pàdé ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ ń kéré, torí nínú oṣù Dìsẹ́ńbà nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ péré ni ojúmọ́ fi ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ewé ò lè rí oúnjẹ tó pọ̀ tó ṣe fún igi pẹ̀lú ìwọ̀nba oòrùn yẹn. Ilẹ̀ náà á tutù débi pé gbòǹgbò ò lè fa omi bó ṣe yẹ. Tí igi bá ti rí i pé ilẹ̀ ti ń tètè ṣú, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ohun tó dáa tó wà nínú ewé padà sínú ara ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ewé fi ń pọ́n tó ń pupa, lẹ́yìn náà á di ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka pa, ewé á sì já bọ́. Igi ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi han màmá àti ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ yẹn ni ẹnu ẹ̀ka. Tí ẹ bá dé ìdí igi magnolia, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ máa rí ìrudi tó nírun lára, ó rọ̀ lọ́wọ́, òdòdó oṣù Máàṣì àti Éépùrù ti wà nínú ẹ̀ látìgbà ooru (summer) tó kọjá, ó ká ara ẹ̀ jọ síbẹ̀, irun yẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ òtútù. Tí ẹ bá ní igi lẹ́yìnkùlé yín, ẹ fi èékánná họ èèpo ẹ̀ka kékeré kan díẹ̀, ẹ máa bá àwọ̀ ewé tútù lábẹ́ ẹ̀, igi tó ti kú, pákó gbígbẹ lẹ máa rí (ẹ má lọ họ igi Kew o, ti ilé ni mo ní). Àwọn igi mìíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé tí òtútù ò bá mú wọn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọn ò ní í mọ̀ pé ó yẹ káwọn jí, ápù wà nínú wọn, òun ló jẹ́ kí ápù ṣòro gbìn ní Abẹ́òkúta. Torí náà òtútù tí ọkọ yín ń sá fún yẹn, ara oúnjẹ igi ni.

Ó kan ọ̀rọ̀ pé kò sí òdòdó. Òdòdó wà, ilẹ̀ ló wà, ó sì kéré, ẹ ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Èyí tó kọ́kọ́ máa ń jáde ni snowdrop, funfun, tó sorí kọ́, tí ẹ bá gbé orí ẹ̀ sókè ẹ máa rí àmì àwọ̀ ewé díẹ̀ lẹ́nu ewé òdòdó tó wà nínú lọ́hùn-ún. Inú ilẹ̀ ló ń kó oúnjẹ pa mọ́ sí, nínú nǹkan tó rí bí àlùbọ́sà kékeré, ó sì ń yára yọ kí àwọn igi tó rúwé, torí tí igi bá ti rúwé tán, òkùnkùn ni abẹ́ ẹ̀ máa ń wà, kò ní í rí oòrùn mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìrì bá dì, ẹ lè bá gbogbo ẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ bíi pé wọ́n ti kú, àmọ́ tó bá di bí aago mọ́kànlá tí ara ilẹ̀ bá ti yá díẹ̀, wọ́n á tún dìde, nǹkan kan wà nínú oje ara wọn tí kì í jẹ́ kí yìnyín bà wọ́n jẹ́. Màmá tó mọ ewé mọ egbò á fẹ́ gbọ́ èyí: láti ara snowdrop àti òdòdó daffodil ni wọ́n ti rí galantamine, oògùn tí àwọn dókítà ń fún àwọn àgbà tí ìgbàgbé Alzheimer ń bá jà. Àmọ́ májèlé ni tí èèyàn bá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ mójú tó ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta yẹn gidi, kó má lọ wú u kó fi sẹ́nu.

Crocus ló tún máa ń tẹ̀ lé e, àwọ̀ àlùkò, funfun àti òféèfèé, òun ló máa ń bo koríko ní Kew láti ìdajì Fẹ́búárì sókè tí ọdún ò bá tutù jù. Ó ní àṣírí kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: tí kùrukùru bá wà tàbí tí òtútù bá mú, á pa ẹnu ẹ̀ dé, afi tí oòrùn bá ràn sí i kó tó là. Ẹni tó bá lọ wò ó ní aago mẹ́wàá àárọ̀ á ní kò sí nǹkan kan ńbẹ̀, ẹni tó bá dé ibẹ̀ ní aago kan ọ̀sán á máa ya fọ́tò. Ẹ tún máa gbóòórùn dídùn lójú ọ̀nà tí ẹ ò ní mọ ibi tó ti ń wá, ẹ wolẹ̀, igi kékeré kan tí wọ́n ń pè ní sarcococca ni, òdòdó ẹ̀ ò ju èékánná ìka kékeré lọ. Kòkòrò ò pọ̀ níta nígbà òtútù, òdòdó tó bá fẹ́ kí oyin kan ṣoṣo tó ń fò kiri yẹn yà sọ́dọ̀ òun, ó ní láti fi òórùn pè é láti òkèèrè. Witch hazel náà wà, èyí tó yọ òdòdó lórí ẹ̀ka tí kò léwé, òdòdó ẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí òtútù bá ti le jù ó máa ń ká ara ẹ̀ jọ, tó bá rọlẹ̀ á tún nà án padà.

Àmọ́ òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín, nǹkan wà tí ẹ ò ní rí. Ọgbà róòsì, igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ti gé kúrú lẹ máa bá. Ilé Waterlily máa wà ní títì, Kew Palace tí ìdílé Ọba George Kẹta gbé, títì ló máa wà náà nígbà òtútù. Tí bàbá àwọn ọmọ bá ń retí pé ibi gbogbo á kún fún àwọ̀ bó ṣe rí lójú fọ́tò, ẹ tètè sọ fún un látilé.

Ilé gíláàsì ló máa dá owó yín padà, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n sọ pé kí ẹ mú màmá lọ. Ilé tí wọ́n ń pè ní Palm House, láàárín 1844 sí 1848 ni wọ́n kọ́ ọ, Decimus Burton àti Richard Turner ló ṣe é, irin tí wọ́n tẹ̀ bíi ti ọkọ̀ ojú omi, gíláàsì tó wà lára ẹ̀ tó 16,000. Ẹ máa rí ilé gogoro kan nítòsí ẹnu ọ̀nà Victoria, ṣímíní ni nígbà náà lọ́hùn-ún, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ láti ibẹ̀ dé Palm House kí èéfín èédú tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná má bàa ba ẹwà ọgbà jẹ́. Tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn wọlé, ooru á pàdé yín lójú, ooru ilé gan-an, ooru ẹ̀yìn òjò. Apá gúúsù ilé yẹn, igi ilẹ̀ Áfíríkà ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí màmá ṣíwájú. Nínú ilé yẹn, wọ́n máa rí ọ̀pẹ, wọ́n máa rí kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrèké, àwọn náà ni wọ́n máa ṣàlàyé fáwọn ọmọ nígbà yẹn, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀pẹ, bí wọ́n ṣe ń fọ́ kòkó tí wọ́n ń sá a, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí igi ò lè sọ ìdajì ẹ̀. Mo ti rí àgbàlagbà tí kò sọ ju “hẹn” lọ látàárọ̀, tó jẹ́ pé ìdí kòkó ni ọ̀rọ̀ ti wá bọ́ lẹ́nu ẹ̀, tí àwọn ọmọ-ọmọ yí i ká. Ẹ tún wá igi kan tí wọ́n fi irin gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ ró, Encephalartos altensteinii lorúkọ ẹ̀, Francis Masson, ẹni tí Kew rán lọ kó igi jọ, ló gbé e wá láti South Africa lọ́dún 1775, inú ìkòkò ló ṣì wà dòní.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ti tó ẹni tí èèyàn lè sọ fún bí àwọn nǹkan yẹn ṣe dé ibẹ̀, ẹ má fi pa mọ́ fún un. Kì í ṣe torí ẹwà nìkan ni ìjọba òyìnbó ṣe ń kó igi jọ sí Kew. Lọ́dún 1876, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Henry Wickham kó èso igi rọ́bà tó tó 70,000 láti Brazil wá, Kew ni wọ́n ti gbìn ín kó hù, wọ́n wá kó èyí tó hù lọ sáwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Éṣíà, òwò rọ́bà Brazil ò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa náà, lọ́dún 1887, nígbà Gómìnà Moloney tó ń ṣàkóso Èkó, wọ́n dá ọgbà ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta l'Ékòó, tí òun àti Kew jọ ń ṣe pọ̀, ohun tí wọ́n ń wá ni irúgbìn tó máa mówó wá. Èmi ò rò pé ìyẹn ní ká má lọ o, ó dùn mọ́ mi pé ọmọ wa á dúró ní ìdí ọ̀pẹ níbẹ̀, á sì mọ bí ó ṣe débẹ̀.

Ilé gíláàsì kejì tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fò ni Princess of Wales Conservatory tí wọ́n ṣí lọ́dún 1987, yàrá ojú ọjọ́ mẹ́wàá ló wà nínú ẹ̀, látorí aṣálẹ̀ dé inú igbó òjò. Inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ayẹyẹ òdòdó orchid ní Fẹ́búárì wọ inú Máàṣì, orílẹ̀-èdè kan ni wọ́n máa ń fi ti ọdún kọ̀ọ̀kan sọrí, Cameroon ni wọ́n lò ní 2023, Madagascar ní 2024. Èrò máa ń pọ̀ nígbà half-term, wọ́n sì máa ń fún yín ní àkókò tí ẹ máa wọlé, ẹ mú ti àárọ̀ kùtùkùtù. Láti ibẹ̀, igi kan tí wọ́n ń pè ní Turner's Oak ò jìnnà, ọdún 1798 ni wọ́n gbìn ín. Ẹ yà síbẹ̀, torí kì í wọ́wé tán nígbà òtútù bíi tàwọn yòókù. Ìjì ńlá tó jà ní October 1987, tó wó igi bíi 700 ní Kew, gbé igi yìí tòun ti gbòǹgbò sókè, ó sì tún gbé e kalẹ̀ padà sójú ihò ẹ̀. Igi tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ni o. Wọ́n fi í sílẹ̀ pé àwọn máa padà wá yanjú ẹ̀, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn, nígbà tí wọ́n máa padà dé ìdí ẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ara ẹ̀ ti yá, ó ń dàgbà dáadáa. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ló ti tẹ ilẹ̀ ìdí ẹ̀ le koko látọdúnmọ́dún tí afẹ́fẹ́ àti omi ò fi dé gbòǹgbò mọ́, ìjì ló bá a tú u. Látìgbà yẹn làwọn onímọ̀ igi ti ń fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ilẹ̀ ìdí àwọn igi àgbà. Tí mo bá ní kí àwọn ọmọ má máa sáré lórí ibi tí òdòdó ti ń yọ, ohun tí mò ń tọ́ka sí nìyẹn.

Ó wá kan òtútù, níbi tí ọkọ yín ti sọ òótọ́. Kóòtù ńlá kan ṣoṣo ò tó. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta lérí ara wọn ló dáa, torí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wọn ló ń móoru, ẹ jẹ́ kí kóòtù wà lókè. Ìbọ̀sẹ̀ onírun, bàtà tí kò há, bàtà tó bá há kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ọmọ ìka, fìlà tó bo etí (màmá lè wé gèlè lé e tí wọ́n bá fẹ́) àti ìbọ̀wọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á wọ gbogbo ẹ̀ wọ ilé gíláàsì, òógùn á bò ó, á wá jáde pẹ̀lú ara tútù yẹn sínú atẹ́gùn, ibẹ̀ ni òtútù ti ń wọ egungun. Ẹ bọ́ kóòtù lẹ́nu ọ̀nà gan-an, ẹ sì wọ̀ ọ́ padà nínú ilé kí ẹ tó jáde. Tí màmá bá ń lo gíláàsì ojú, á bò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ mú aṣọ kékeré tí wọ́n máa fi nù ún dání. Bí èmi á ṣe tò ó nìyí: ẹ wọ ilé orchid ní àárọ̀ tí ìta ṣì tutù jù, ẹ jẹun, ẹ jáde sídìí crocus láàárín aago méjìlá sí méjì tí oòrùn wà lókè, kí ẹ wá fi Palm House parí ẹ̀, torí bí ọjọ́ bá ti ń rọlẹ̀ ni òtútù ń padà, aago márùn-ún àbọ̀ ilẹ̀ ti ń ṣú. Kew tóbi, ó lé ní 100 hectare, ẹ má ní ẹ fẹ́ rí gbogbo ẹ̀, àní ẹ má dé ìdí Pagoda, ilé gogoro alájà púpọ̀ tó wà ní ìkangun ọgbà, tí ẹsẹ̀ màmá ò bá gbà. Wọ́n máa ń yá èèyàn ní kẹ̀kẹ́ àwọn aláìlerìn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ bèèrè ṣáájú, kódà tí màmá bá ní ẹsẹ̀ ò dun àwọn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ní ikọ́ fée, àìsàn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ibẹ̀ ni ìmọ̀ mi pin sí o, onígi ni mí, ẹ bi dókítà wọn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Lórí owó, mi ò ní dá ọkọ yín lẹ́bi, ìdílé èèyàn márùn-ún kì í ṣe kékeré. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin ò ní í san, ẹ jẹ́ kó mọ̀. Àwọn tó ń gba Universal Credit tàbí Pension Credit, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba, ń wọlé ní pọ́ùn kan. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá rà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì dínwó ju ti ẹnu ọ̀nà lọ, oúnjẹ sì wà tí ẹ lè gbé láti ilé, wọn ò lòdì sí i pé kí ẹ jókòó jẹun nínú ọgbà, ẹ bu jọ́lọ́ọ̀fù sínú fíláàsì oúnjẹ, ẹ po tíì gbígbóná. Tó bá ṣì pọ̀ jù, ẹ lọ sí Chiswick House ní Lọ́ńdọ̀nù, ọgbà ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, Lord Burlington ló kọ́ ilé yẹn ní nǹkan bí ọdún 1729. Ilé gíláàsì gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1813, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó igi òdòdó camellia sí lọ́dún 1828, Fẹ́búárì àti Máàṣì gan-an ni wọ́n máa ń tanná, pupa, funfun, aláwọ̀ méjì. Àmọ́ ibẹ̀ ò móoru bíi Kew, kò sì sí ọ̀pẹ fún màmá, ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ilé camellia yẹn kí ẹ tó gbéra. Tí ẹ bá ní mọ́tò, Anglesey Abbey lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cambridge ni mo fẹ́ràn jù fún ìgbà òtútù nìkan, irú snowdrop tó wà níbẹ̀ lé ní 200, ọ̀nà kan sì wà tó parí sáàárín igi birch tí ara wọn funfun báláú. Àmọ́ ìta ni gbogbo ẹ̀, fún màmá tó wá láti Abẹ́òkúta, Kew ni mo fara mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù tó jẹ mọ́ ọjọ́ tí ẹ máa mú. Òjò ò lè lé yín padà, yìnyín díẹ̀ náà ò lè lé yín, atẹ́gùn ni. Tí ìjì bá ń bọ̀, wọ́n máa ń ti ọgbà pa torí ẹ̀ka tó lè já lu èèyàn, ìjì sì wọ́pọ̀ ní Fẹ́búárì. Ẹ má fi sí ọjọ́ tó kẹ́yìn half-term, ẹ fi sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kí ẹ ní ọjọ́ mìíràn tí ẹ lè sún un sí, kí ẹ sì wo wẹ́bùsáìtì wọn láàárọ̀ kí ẹ tó wọ tréènì. Ẹ wò ó níbẹ̀ náà bóyá ilé gíláàsì kankan wà ní títì fún àtúnṣe, torí tí wọ́n bá ti ti ọ̀kan ó lè pẹ́, Temperate House, ilé gíláàsì ńlá mìíràn níbẹ̀, wà ní títì láti 2013 di 2018. Tó bá jẹ́ Palm House ni wọ́n tì, ẹ pe ọkọ yín kí ẹ jọ tún un rò, torí ìdí tí mo fi ní kí ẹ lọ ti dínkù nìyẹn.